Bí Aláìsàn Tí Àrùn Rẹ̀ Kò Gbóògùn Mọ́ Bá Ń Lọ Sílé: Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì

Gbólóhùn kan wà tí àwọn ẹbí aláìsàn kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Gbólóhùn náà ni: "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ni pé ilé ìwòsàn ti jọ̀wọ́ aláìsàn náà, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́, àti pé ojú lásán ni a ó máa fi wò ó títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn sọ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Lílọ sílé ẹni tí àrùn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Ó ní ètò tirẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ni ó ń wà lẹ́bàá ibùsùn lọ́sàn-án àti lóru.

Ìlú Bìní, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Ní Ugbowo, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Èkó, ni Ilé Ìwòsàn Ìkẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin wà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UBTH. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i. Àwọn aláìsàn tí ó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe ará Ẹdó nìkan. Wọ́n ń wá láti Delta, láti Kogí, àti láti àwọn ìlú Yorùbá tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí Ifọ́n, Ọ̀rẹ̀ àti Ọ̀wọ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó lè fẹsẹ̀ rìn padà wá bí nǹkan bá yíwọ́ lóru. Ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé láti fi lé ẹbí lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù, ó ṣòro kí wọ́n tó rí i gbà ní abúlé.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ náà "palliative" di ohun tí gbogbo ará Nàìjíríà ń pè lẹ́nu. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni àpò ìrẹsì àti páálí oúnjẹ tí ìjọba ń pín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníṣègùn ti ń lò tipẹ́ fún ìtọ́jú tí kò lépa àti wo àrùn sàn, bí kò ṣe láti mú ìrora kúrò kí ara lè tu aláìsàn, kí ọkàn rẹ̀ àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ sì balẹ̀. A ó máa pè é ní ìtọ́jú amáradẹrùn nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kejì ni "dísáàjì". Ìdásílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní Yorùbá, bí ẹni pé ẹlẹ́wọ̀n ni aláìsàn. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀rọ̀ náà máa ń bá a mu nígbà mìíràn, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ ṣùgbọ́n tí owó ìtọ́jú tí wọn kò tíì san tán dá wọn dúró.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dọọdún, ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 56.8 ni ó nílò ìtọ́jú amáradẹrùn káàkiri àgbáyé, àti pé nǹkan bí ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ń rí i gbà. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò rí i gbà wà ní orílẹ̀-èdè bí tiwa. Ní ọdún 2014, ìpàdé àpapọ̀ àjọ náà rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti fi ìtọ́jú yìí kún ètò ìlera wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Cicely Saunders, tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ni ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967. Òun ni ó kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tí ó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ wà níbẹ̀, ẹ̀rù ohun tí ń bẹ níwájú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Nàìjíríà, Ilé Ìwòsàn Ìkẹ́kọ̀ọ́ UCH ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, onímọ̀ nípa oògùn apàmọ̀lára àti ìrora, wà lára àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbé ìlànà ètò kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2021. Ìwé ìlànà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìlànà ni yóò yí aláìsàn padà lórí ibùsùn ní aago méjì òru.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí aláìsàn ń lọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò bí yóò ṣe lọ. Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹbí á sáré lọ san owó, wọ́n á sáré ra oògùn, nọ́ọ̀sì á yọ abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ aláìsàn, takisí á ti máa fọn fèrè níta. Láàárín wákàtí méjì, ohun gbogbo ti parí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ náà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò ti máa wádìí, pẹ̀lú ọgbọ́n àti pẹ̀lẹ́tù. Ta ni ó wà pẹ̀lú Bàbá nílé? Ta ni yóò jí lóru? Ṣé orí òkè ni yàrá wọn wà, tàbí ilẹ̀? Ibo ni ilé ìtura wà sí yàrá náà? Ṣé omi ń wá, àbí kànga ni wọ́n ń fà? Ta ni ó ń náwó, ta sì ni ó ń pàṣẹ nínú ẹbí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù lè jẹ́ àbíkẹ́yìn ọmọbìnrin, tí òun yóò sì ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ètò náà yóò dàrú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀gbọ́n yóò tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n gbé Màmá padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, àbúrò kò sì ní lè kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí aláìsàn fẹ́ wà náà ní ìtumọ̀ tí ó ju ìrọ̀rùn lọ. Láàárín àwọn Ẹdó ti Bìní, àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń jogún ilé tí bàbá rẹ̀ gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Igiogbe, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ètò ìsìnkú bí àṣà ti là á kalẹ̀. Òfin àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà fi gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń tẹnumọ́ ọn pé òun fẹ́ lọ sí ilé òun, kì í ṣe ilé ọmọ òun ní GRA, lè má jẹ́ pé ó ń ṣe agídí. Nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ọmọ Bìní ní láti mọ èyí. Àwa Yorùbá náà kò jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó fẹ́ kí ọlọ́jọ́ bá òun láàárín àwọn ọmọ òun, nínú ilé tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn"

Kò sí nọ́ọ̀sì kan ní Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn ọmọ á pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní: "Sístà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ni. Bí wọ́n bá gbọ́, ìbànújẹ́ ni yóò pa wọ́n." Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí nọ́ọ̀sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé àkókò òun ti kúrú kò lè pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kò lè sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kò lè parí ìjà tí ó wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Nígbà púpọ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ti mọ̀. Ó ń dákẹ́ nítorí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ń dákẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó sọ. "Màmá, kí ni dókítà sọ fún yín nípa àìsàn yìí? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń rò?" Lẹ́yìn èyí: "Ṣé ẹ jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, àbí ẹ fẹ́ kí a máa bá àwọn ọmọ sọ ọ́?" Bí Màmá bá ní kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ sọ ọ́, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá ní òun fẹ́ gbọ́, kò tọ́ kí a purọ́ fún un. Lédè Yorùbá, a kì í dárúkọ ikú lójúkojú fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, èdè wa sì pèsè ọ̀nà tí a lè gbà sọ̀rọ̀ láì ṣe bẹ́ẹ̀. "Bí ara kò bá yá tó bí gbogbo wa ti ń gbàdúrà, ibo ni ẹ ó fẹ́ kí ẹ wà? Ta ni ẹ ó fẹ́ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?" Ọ̀rọ̀ yìí kò gé ìrètí kúrò, kò sì jẹ́ irọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó lè sọ ọ́ ní Yorùbá fún ará Ọ̀wọ̀, ní Ẹdó fún ará Bìní, tàbí ní Píjìn fún ẹni tí ó gbọ́ Píjìn jù, ti ṣe ju ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe lọ.

Ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 68 ni, ará Ọ̀wọ̀, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, ó sì ti dé ibi tí iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ní kí ọkọ̀ tó gbéra láti Bìní gba ọ̀nà Ifọ́n lọ.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún yìí, kì í ṣe pé kí nọ́ọ̀sì máa sọ̀rọ̀ kí àwọn obìnrin méjèèjì sì máa mi orí. Àwọn ni kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí òun dúró wò wọ́n. Kí wọ́n yí Bàbá padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì-méjì, láì wọ́ ọ lórí aṣọ, nítorí pé wíwọ́ ni ó ń bó awọ ara. Kí wọ́n mọ ibi tí egbò ti máa ń kọ́kọ́ yọ lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sójú kan: ìdí, gìgísẹ̀, ìbàdí àti èjìká. Kí wọ́n fi òwú tí a rẹ sínú omi nu ẹnu rẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí ẹnu gbígbẹ ń dun aláìsàn ju òǹgbẹ lọ. Bí wọ́n bá fi rọ́bà ìtọ̀ sí i lára, kí wọ́n mọ bí a ti ń da àpò rẹ̀ nù, àti pé àpò náà kò gbọdọ̀ ga ju ìkùn aláìsàn lọ. Bí ó bá ń mí gúlegúle, kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ lásán kì í ṣe àbá ẹni tí kò ní iná mànàmáná. Ìwádìí ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ sí ojú ń dín ìnira mímí kù.

Fún obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti di egbò, òórùn egbò náà ni ó sábà máa ń lé àwọn ènìyàn jìnnà sí i, tí yóò sì máa bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú amáradẹrùn mọ̀ pé bí a bá lọ oògùn metronidazole, tí gbogbo kẹ́mísì ń tà, tí a sì wọ́n ọn sí ojú egbò lẹ́yìn tí a bá ti fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, òórùn náà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun kékeré ni, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò mú kí àwọn ọmọ-ọmọ tún máa wọ yàrá Ìyá Àgbà. Kí nọ́ọ̀sì fi bí a ti ń ṣe é han ẹbí, kí ó sì rí i pé dókítà mọ̀ sí i.

Ìrora ni ó gba ìṣọ́ra jùlọ. Oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìrora líle ni morphine, èyí tí a ń mu lẹ́nu. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe àkóso bí ó ti ń wọ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ilé ìwòsàn kan a sì máa po èyí tí ó kúnná bí àtíkè mọ́ omi fún lílò aláìsàn. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń mu olómi yìí, yálà ìrora ti padà dé tàbí kò tíì dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fi í pamọ́ de ìgbà tí ìrora bá le, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ó di bárakú. Ẹni tí ó ń lò ó fún ìrora gidi, ní ìwọ̀n tí wọ́n fún un, kì í sábà sọ ọ́ di bárakú, oògùn náà kì í sì í yára pa aláìsàn bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Ohun tí ó dájú pé yóò ṣe ni pé yóò mú ìgbẹ́ gan-an. Nítorí náà, oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ láti ọjọ́ kìíní. Nọ́ọ̀sì tí ó fún ẹbí ní morphine láì fún wọn ní èyí ti fi ìrora kan pààrọ̀ òmíràn.

Kí nọ́ọ̀sì fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ hàn wọ́n bí a ti ń wọn oògùn náà, kí ó fi bírò pupa sàmì sí ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé, kí ó sì kọ àkókò rẹ̀ sí pátákó ìwé ní èdè tí wọ́n lè kà. Bí Ìyá kò bá mọ̀wé kà, kí a ya oòrùn, òṣùpá àti àkùkọ sí i. Kí ìwé ilé ìwòsàn pẹ̀lú òǹtẹ̀ wà lára ìgò oògùn náà, nítorí àwọn ọlọ́pàá àti àjọ NDLEA wà lójú ọ̀nà, wọn kò sì mọ̀ pé jẹjẹrẹ ń dun Bàbá. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ó le jù: bí oògùn bá tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni yóò tún un kọ? Ní Ùgáńdà, níbi tí Dókítà Anne Merriman ti dá Hospice Africa sílẹ̀ ní ọdún 1993, òfin yí padà ní ọdún 2004 tí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe fi lè kọ morphine fún aláìsàn. Lọ́dọ̀ wa, dókítà ni ó ń kọ ọ́. Nítorí náà, kí bàbá wa tó kúrò ní Bìní, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, kí lẹ́tà sì ti wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlà méjì. Kí orúkọ àrùn wà níbẹ̀, ibi tí ó dé, oògùn tí ó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí wọ́n ti sọ fún aláìsàn àti ohun tí wọn kò tíì sọ, ibi tí ó fẹ́ kú sí, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè.

Oúnjẹ àti omi

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni ó ń fa ìbànújẹ́ jù nínú ilé Yorùbá. Bí ẹni tí a fẹ́ràn kò bá jẹun mọ́, ojú wa ni pé àìjẹun ni yóò pa á. A ó po ògì, a ó se ọbẹ̀ ẹja tútù, a ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọ́ ọ wò, bí ó bá kọ̀, a ó fi ipá fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní láti ṣàlàyé kí ìgbà náà tó dé pé ara tí ó ń kógbá sílé kì í bèèrè oúnjẹ mọ́. Àrùn ni ó ń mú kí ó má jẹun, kì í ṣe àìjẹun ni ó ń mú kí àrùn borí. Oúnjẹ tí a bá fi ipá fún ẹni tí ó ti ń sùn lọ lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí a ń fà sí ara. Àwọn ẹbí a máa pe ẹnì kan ní àdúgbò, tí ó pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, kí ó wá fi omi kọ́ sára ògiri. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, omi yìí sábà máa ń wú aláìsàn lẹ́sẹ̀, a sì máa mú kí àyà rẹ̀ máa hó. Ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ bí ó bá lè gbé e mì, bí kò bá lè gbé e mì, ẹ rẹ ètè rẹ̀. Obìnrin tí ó fẹ́ ṣe nǹkan fún ọkọ rẹ̀, tí a sì gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ rí ohun mìíràn ṣe: kí ó fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó jókòó tì í.

Àwọn tí ó fẹ́ lọ tipátipá

Àwọn kan wà tí ilé ìwòsàn kò ní kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn, tàbí tí wọ́n fẹ́ gbé aláìsàn wọn lọ sí ilé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Lára owó tí àwọn ará Nàìjíríà ń ná lórí ìlera, èyí tí ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ti àpò ara wọn jáde, nítorí náà kò yẹ kí èyí yani lẹ́nu. Wọ́n á ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ni ó fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ní ibòmíràn, nọ́ọ̀sì á kẹ̀yìn sí wọn: kò sí oògùn, kò sí lẹ́tà, kò sí ìmọ̀ràn. Ìwà yìí kò dára. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ẹjọ́. Kò gba aláìsàn lọ́wọ́ ìrora. Àwọn gan-an ni ó nílò ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún yẹn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kù. Nọ́ọ̀sì tí kò bá wọn jà lórí àgbo tàbí àdúrà lè rí àyè sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn ìrora dúró, àti pé kí wọ́n máa ṣọ́ra fún àgbo bí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín bá ti bàjẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ìrírí ti lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé òfin jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó fìdí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ní wọ́ọ̀dù odidi lọ́wọ́ lóru kò lè jókòó ti ẹbí kan fún wákàtí kan. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń sọ pé kí a yan nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí ètò ìlọsílé yóò jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Calicut ní ọdún 1993, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n kọ́ ni ó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti máa bẹ aláìsàn wò nílé. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ àdínì kò ṣàìsí ní Bìní tàbí ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọn kò tíì fún wọn.

Ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀

Kí aláìsàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí nọ́ọ̀sì sọ fún ẹni tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wákàtí ìkẹyìn ti ń rí. Yóò máa sùn púpọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò tutù. Èémí rẹ̀ yóò máa dúró, yóò sì tún máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ lè máa hó. Ariwo náà ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ju bí ó ti ń ni aláìsàn lára lọ, bí wọ́n bá sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè dín kù. Kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ṣì máa gbọ́. Ẹbí tí a kò sọ èyí fún yóò gbé e sínú ọkọ̀ lóru, ojú ọ̀nà ni ẹ̀mí yóò sì ti bọ́, láàárín Ifọ́n àti Bìní, lẹ́yìn gbogbo ètò tí a ti ṣe.

Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tẹ ilé láago lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n délé, nítorí ìgbà náà ni ìṣòro ń yọjú: síríńjì ti sọnù, aláìsàn kò yàgbẹ́, ẹ̀gbọ́n láti Èkó ní kí wọ́n dá oògùn dúró. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí ẹbí pe nọ́ńbà tí ó wà nínú lẹ́tà, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, nítorí ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì yóò béèrè rẹ̀. Oògùn morphine tí ó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n dá a padà sí ilé ìwòsàn. Wọn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ sínú ilé, wọn kò sì gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn tí ó ní orí ń fọ́ òun.